Ìtàn iwin àti àrọ̀bá Òkè Ìdànrè: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Tíṣà Àkúrẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Akẹ́kọ̀ọ́ girama 24, olùkọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kan péré lórí Òkè Ìdànrè. Iṣẹ́ tí a fún àwọn ọmọ ni kí wọ́n kó ìtàn ibẹ̀ jọ: ti ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, ti Orósùn, ti ọkọ̀ Nóà, ti iwin tí wọ́n ní ó máa ń dá ènìyàn lóhùn láàárín àpáta. Kí ló yẹ ká ṣe kí ìtàn náà má bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, kí àwọn ọmọ má sì fi ẹ̀rù wálé? Ohun tó ṣeé dì mú ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Odòde
Tíṣà, ibi ire lẹ wá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, torí ọmọ tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ìtàn.

Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ. Ẹ wà ní ẹsẹ̀ òkè ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, omi lítà kan. Àgbà, lítà kan ààbọ̀. Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín ni kí wọ́n wọ̀. Ẹ má gba sílípáàsì láyè rárá. Lára àpáta, ẹ óò rí ìlà dúdú tó ṣàn wálẹ̀ bí ẹni da yíǹkì sílẹ̀: ojú ọ̀nà omi òjò ni, ewédò tín-ín-tìn-ìn-tín ló bò ó, òun ló sì ń yọ ènìyàn ṣubú bí ó bá tutù. Ibi tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni kí wọ́n máa tẹ̀.

Àtẹ̀gùn ló máa gbé yín gòkè, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Nípa iye àtẹ̀gùn, ẹ óò gbọ́ 640, ẹ óò gbọ́ 660, ẹlòmíì á ní 667, ẹlòmíì 682. Kò sí ẹni tó ń parọ́ níbẹ̀, ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni kò dọ́gba. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kà á lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n dúró sí. Iye mẹ́rin ni wọ́n máa gbé dókè. Kí ẹ tó ṣí ẹnu sọ ohunkóhun nípa àrọ̀bá, wọ́n á ti fi ẹsẹ̀ ara wọn mọ bí ohun kan ṣe ń di mẹ́rin lẹ́nu ènìyàn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀: ìlú ni wọ́n ń gùn lọ, kì í ṣe igbó. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún ohun tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ojú oórì àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo ‘iwin, iwin’ káàkiri, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ló ti ń pariwo. Ẹ wá afọ̀nàhàn ọmọ ibẹ̀, kí ẹ sì jọ sọ owó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀.

Akọ́tàn
Ọmọ Odòde ti la ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kíkó ìtàn ló kù.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ. Gbogbo ohun abàmì kọ́ là ń pè ní iwin. Iwin kì í ṣe òkú. Ẹ̀dá tirẹ̀ ni, inú igbó, inú igi àti inú àpáta ló ń gbé. Egbére kúrú, ó gbé ẹní rẹ̀ dání, ó ń sunkún kiri. Ẹni tó bá gba ẹní náà ni wọ́n ní yóò lówó. Ẹ̀dá mìíràn tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ ń gbé inú igi ńlá. Àkúdàáyà ni ẹni tó kú níbì kan tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn bí ènìyàn gidi, tó ń fẹ́ aya, tó ń ṣòwò, àfi bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá dé ìlú náà ni yóò pòórá. Ní ti òkú tó wọ aṣọ funfun tó ń léfòó kiri, inú fíìmù ló ti wá. Bí ọmọ bá kọ ‘iwin’ síbi tí arúgbó ti sọ ‘egbére’, ó ti ba ìtàn náà jẹ́ láti orí.

Orósùn ńkọ́? Orósùn kì í ṣe iwin, kì í ṣe òkú. Obìnrin arẹwà ni ìtàn ń pè é, òkè ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Àwọn tó ń bọ ọ́ wà láàyè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan pè é ní iwin níwájú wọn, ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ sí ojúbọ, ì báà ṣe ìgbá, ì báà ṣe owó ẹyọ.

Bí a ṣe ń bèèrè: ọmọ mẹ́ta sí àgbà kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń bèèrè, ọ̀kan di foonu mú, ọ̀kan ń kọ̀wé. Kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó tẹ ìkásílẹ̀. Kí foonu má jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Kí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí ìpè kan ṣoṣo ló ń gé ìtàn sí méjì. Atẹ́gùn lórí òkè yẹn lágbára: kí ẹni tó di foonu mú kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kí ó fi áńkáṣíìfù tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu foonu. Kí ó kọ́kọ́ sọ ọjọ́, ibi tí wọ́n wà, àti ‘bàbá tàbí ìyá lágbájá ló fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀’.

Ìbéèrè mẹ́ta tó ń ṣí ẹnu àgbà nìwọ̀nyí. ‘Ta lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?’ ‘Ibo gan-an ló ti ṣẹlẹ̀?’ ‘Ṣé bí àwọn àdúgbò kejì náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?’ Ìbéèrè tó ń dí i ni ‘ṣé òótọ́ ni?’ Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá bi arúgbó bẹ́ẹ̀, yálà kí ó bínú tàbí kí ó gba tiyín kí ẹ lè tètè lọ.

Ẹ̀ka èdè wọn ńkọ́? Ẹ má tún un ṣe o! Orúkọ àtijọ́ ibẹ̀ ni Ufẹ̀ Òkè, ‘u’ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ‘i’. Bí ọmọ bá sọ ọ́ di Ifẹ̀ Òkè nínú ìwé rẹ̀, ohun tí àgbà sọ kọ́ nìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ fún ohun tí wọ́n gbọ́, ìlà kejì fún Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìtàn ìṣẹ́jú 15 máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ láti tẹ́tí sí àti láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí náà ẹ má fún wọn ní ìtàn mẹ́wàá. Méjì tó péye dára ju mẹ́wàá jágbajàgba lọ.

Tíṣà Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Orúkọ Ìdànrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé a lè sọ fún wọn pé ‘ìdán rè é’ ni?

Akọ́tàn
Ẹ sọ ọ́ bí àrọ̀bá: wọ́n ní àwọn tó kọ́kọ́ rí òkè wọ̀nyẹn ló fi ẹnu wọn sọ pé ‘ìdán rè é o!’ Ìtàn tó ń tú orúkọ ìlú, ẹ̀yìn orúkọ ló sábà máa ń dé. Ẹ kọ ‘wọ́n ní’ síwájú rẹ̀, ó ti tó.

Àpáta Dúdú
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti òkúta, torí ibẹ̀ ni ìdajì àwọn ìtàn yẹn ti wá.

Òkúta akọ ni Òkè Ìdànrè, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní gíráńáìtì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn ṣóńṣó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ojú òkun. Òkúta yìí máa ń bó ní awẹ́ awẹ́ bí àlùbọ́sà. Oòrùn á gbóná mọ́ ọn lọ́sàn-án, á wú díẹ̀. Òru á tutù, á sún kì. Níbi tí awẹ́ kan ti fẹ́ ya kúrò lára èkejì, ẹ óò gbọ́ ‘kó!’ tàbí ‘gbì!’ láàárín òru tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ní ìgbà ọyẹ́ ni ó pọ̀ jù, nítorí ìgbà náà ni ọ̀sán àti òru jìnnà síra wọn jù lọ ní ti ooru.

Ohùn tó ń dáhùn: àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́n. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọmọ kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàà, kí ẹlòmíì tẹ aago foonu lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìró bá padà. Ẹ fi 170 sọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà di púpọ̀, ẹ ti mọ bí ògiri àpáta ṣe jìnnà tó. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, mítà 340. Ohun tó ń da iṣẹ́ yìí rú ni kí ọmọ 24 pàtẹ́wọ́ pọ̀. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ wọn ju mítà 17 lọ, wọn kò ní gbọ́ ìró kejì lọ́tọ̀, ohùn wọn á kàn wú ni. Ìdí nìyẹn tí ‘iwin’ fi ń dáhùn níbì kan tí kì í dáhùn níbì kejì.

Òmíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ní àárọ̀ ìgbà òjò, tí ìkúukùu bá kún àfonífojì, tí oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ẹni tó dúró lórí òkè, òjìji ẹni náà lè balẹ̀ sórí ìkúukùu níwájú rẹ̀, kí ó tóbi bí òmìrán, kí òṣùmàrè yí i lórí ká. Bí ẹ bá ju ọwọ́, òun náà á ju ọwọ́. Kálukú òṣùmàrè orí tirẹ̀ nìkan ló ń rí, kì í rí ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ wo bí èyí ṣe máa rí lójú ọdẹ kan ní 500 ọdún sẹ́yìn!

Agbẹjọ́rò Aládùúgbò
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Agbóògùn ló kù tí ẹ ń yí po. Àrọ̀bá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá ojú ẹsẹ̀ yẹn mu, ọmọdé àti àgbà, àfi àjẹ́. Àwọn kan ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọ 24 ló ń lọ, ọmọ ọdún 13 sì lè di ẹni tí ẹgbẹ́ ń sá fún nítorí pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọlé. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní àjẹ́, tàbí tó halẹ̀ pé òun yóò pè é bẹ́ẹ̀, ti ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló sì lè kan án. Tèmi ni pé kí ọmọ kankan má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọmọ Odòde
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù tó ń bà yín yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ fún ọmọ ló ń bà á lẹ́rù. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó sọ fún wọn ṣáájú pé ìtàn ni, kí ó sì sọ níbẹ̀ náà pé kò sí ẹni tí a ń dán wò. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ẹni tí kò fẹ́ jókòó. Kò gbọdọ̀ sí fídíò níbẹ̀. Fídíò ló ń gbé yẹ̀yẹ́ kúrò lórí òkè lọ sí WhatsApp.

Àpáta Dúdú
Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Odòde, àmọ́ ẹ mú ìwọ̀n dání. Irú kòtò tó dà bí ojú ẹsẹ̀ pọ̀ lórí òkúta akọ níbi gbogbo. Omi òjò á dúró síbi tó rì díẹ̀, ewé á jẹrà sínú rẹ̀, omi náà á kan díẹ̀, á sì máa jẹ eyín òkúta díẹ̀díẹ̀ ní ìyẹ̀fun ìyẹ̀fun. Etí irú kòtò bẹ́ẹ̀ kì í mú bí etí àwo, ńṣe ló ń dagẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wọ bàtà 36 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, ti 44 tó 28. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ni ìyàtọ̀ wọn, etí tó dagẹ̀rẹ̀ sì lè gba méjèèjì. Kí àwọn ọmọ wọn ojú ẹsẹ̀ náà ní gígùn lórí, ní gígùn nísàlẹ̀, ní ìbú àti ní jíjìn, kí wọ́n fi iye wọ̀nyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Agbóògùn. Ìtàn náà kò ní kú nítorí rúlà.

Agbẹjọ́rò Aládùúgbò
Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí kò sí fídíò, tí olùkọ́ sì ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn síta ṣáájú, mo fara mọ́ ọn.

Ẹyẹ Òru
Tíṣà, ẹ kò ní sùn lórí òkè, ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa sọ ti òru fún yín. Bí wọ́n bá ní ohùn kan ń ké nínú igbó bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó wá ń le sí i títí tó fi di igbe, ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ òwáwà. Ẹranko kékeré ni, kò ju ehoro ńlá lọ, inú ihò igi ló ń sùn sí lọ́sàn-án, òru ló ń ké. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí kò lè gbà pé ẹranko tó kéré báyẹn ló ni ohùn yẹn. Òwìwí náà ń han bí ẹni ya aṣọ. Àwọn ọdẹ mọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà bí ọdẹ bá sọ fún yín pé ohùn tí òun gbọ́ kì í ṣe òwáwà, kì í ṣe òwìwí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn.

Ayàwòrán
Ní ti fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni tó wálé pẹ̀lú ‘òkú’ nínú foonu: nínú ààfin àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ kéré, foonu á sì lọ sí ìlànà òru fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣí ojú fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta. Ẹni tó bá kọjá lásìkò yẹn á hàn bí èéfín, ẹ óò rí ògiri láti inú rẹ̀. Ẹ pa ìlànà òru. Ẹ pa fíláàṣì pẹ̀lú, pàápàá nígbà ọyẹ́: eruku tó súnmọ́ ojú kámẹ́rà ló ń di òrùka funfun tó ń léfòó, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀mí. Ojú oórì àti ojúbọ, àṣẹ afọ̀nàhàn kọ́kọ́.

Ará Èkó
Ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣe irú èyí ní Èkó, ní Freedom Park lójú Broad Street, ọ̀nà tibẹ̀ yàtọ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni ibẹ̀ kí ó tó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010, wọ́n sì ti yẹgi fún ènìyàn níbẹ̀. Ibi igi ìyẹgi náà ni pèpéle eré ńlá wà báyìí. Òkú ibẹ̀ ní orúkọ, wọ́n sì lè ní ọmọ-ọmọ tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó títí di òní. Kò yẹ kí a fi orúkọ ẹni tí wọ́n yẹgi fún ṣe ìtàn ẹ̀rù fún ẹni tó ń jẹ sùyà. Ẹ sọ ìtàn ohùn tí wọ́n ní àwọn ń gbọ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní orúkọ ènìyàn gidi láìka ìwé. Àkọsílẹ̀ ìjọba àtijọ́ wà ní ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òkè Ìdànrè kò ní ìwé fún ti ayé àtijọ́, ẹnu àgbà ni ìwé wọn.

Tíṣà Àkúrẹ́
Ẹ̀rù àwọn ọmọ ló kù. Ìgbà wo ló dára ká sọ ìtàn tó ń dẹ́rù bani jù?

Akọ́tàn
Ní òkè, ní ojúmọmọ, kí aago méjìlá tó lù, níwájú ohun tí ìtàn náà dá lé. Ọmọ tó gbọ́ ìtàn òkúta tó sì fọwọ́ kan òkúta náà kì í sábà lá àlá burúkú. Ẹ má sọ ọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, torí kò sí ohun tí wọ́n lè fojú rí níbẹ̀, ọkàn wọn á ya tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ tó wọkọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn kan padà fún ẹnìkejì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n ni kí ẹ jókòó tì.

Ti ọkọ̀ Nóà, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ní ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé ìtàn Bíbélì ti wá bá ìtàn òkè gbé ilé kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bèèrè lọ́wọ́ àgbà méjì, ọ̀kan tó jẹ́ onígbàgbọ́, ọ̀kan tó ń bọ Orósùn, kí wọ́n wo bí kálukú ṣe ń sọ ọ́.

Àpáta Dúdú
Ohun kan tí mo gbàgbé: téèpù télọ̀ ni kí ẹ mú lọ fún ẹsẹ̀ Agbóògùn, mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rúlà onígi kò lè tẹ̀ mọ́ inú kòtò.